Ìlẹ̀kẹ̀ Ìyá Lọ́wọ́ Ọmọ

Ọwọ́ Ìbíyẹmí wà nínú àwọ̀n títí dé ìgúnpá nígbà tí ó gbọ́ agogo ọkọ̀ okùn, ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn lókè àfonífojì, láti ìsàlẹ̀ òkè. Ó dáwọ́ dúró, ó tẹ́tí. Kì í ṣe agogo ọkọ̀ ọjà. Ti ọkọ̀ ọjà máa ń dún gbọọrọ bí ẹni tó ń hanrun. Èyí dún ṣókí, ó sinmi, ó tún dún ṣókí. Ìjọba ló ń bọ̀ wá sí Ẹ̀fọ̀n láàárọ̀ kùtù báyìí.

"Ìgè," ó pe ọmọ rẹ̀. "Ìgè Adùbí, wá."

Ìgè kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá àgbá, ó ń wo omi tó ń kán sínú rẹ̀. Àwọn àwọ̀n gíga tí wọ́n ta láti àpáta kan dé èkejì ti mu kùrukùru òru yó, etí wọn ń kán tótó bí imú ọmọ tí òtútù mú. Láti ìgbà tí odò ti gbẹ, omi tí àwọ̀n bá mú ni ìlú ń mu. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Ìgè, ó fi orí kan ga ju ìyá rẹ̀ lọ, èjìká rẹ̀ sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tètè wọlé sí i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ní láti kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, kí Ìgè tó wá ṣílẹ̀kùn fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, ìyá rẹ̀ sì ti mọ̀ pé dídúró ni òun yóò dúró.

"Mo ń bọ̀, Màmá," ni ó wí nígbà tó yá.

"Fún mi ní ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Kíá."

Ìgè na ọwọ́ òsì. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni, kò tóbi ju kóró iṣin lọ, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ìjọba ló fún Ìbíyẹmí pé kí ó máa so ó: bí àárẹ̀ tàbí ìbànújẹ́ bá mú ẹni tó so ó, á pọ́n, bí ó bá sì pọ́n di alẹ́, ìjọba á mọ̀. Lọ́wọ́ Ìgè, ó funfun báláú. Ìbíyẹmí tú u, ó so ó mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fa apá bùbá bò ó.

Ìgè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ apá bùbá náà. "Ó ti ń pọ́n," ni ó wí.

"Mo mọ̀. Bí àlejò bá dé, má sọ ọ́."

"Kí n purọ́?"

"N kò ní kí o purọ́. Mo ní kí o dákẹ́."

Ìgè rò ó. "Ṣé méjèèjì ò jọra?"

Ìbíyẹmí ki ọwọ́ padà sínú àwọ̀n. Kò tíì yọ ọ́ nígbà tí àwọn àlejò gun orí àpáta dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹni méjì ni wọ́n. Dáda ló ṣíwájú, àbúrò ọkọ rẹ̀, ó gbé báàgì àlejò lé orí irun rẹ̀ tó ta kókó. Bí Dáda tilẹ̀ kéré sí Ìbíyẹmí lọ́jọ́ orí, inú agbo ilé ni wọ́n bí i sí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ Ìbíyẹmí wọlé, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni, Ìyàwó ló sì ń pè é. Ọkọ tó fẹ́ ẹ gan-an wà lójú òkun, níbi tó ti ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń fún ìlú ní iná. Ọdún ló ń gbé e wá sílé.

"Ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mú àlejò wá," ni Dáda wí. "Ó ní ìròyìn ayọ̀ ni òun gbé lọ́wọ́. Mo ní kí ó sọ ọ́ fún mi lọ́nà, ó wo ojú mi, ó dákẹ́."

"Ojú yín jọ ojú ẹni tí yóò ti sọ ọ́ ká ìlú kí n tó gun òkè tán," ni ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáhùn. Ó kúnlẹ̀ lórí àpáta tútù. "Ẹ káàárọ̀ Mà. Mọládùn lorúkọ mi, láti ọ́fíìsì ìtọ́jú ẹbí ní Adó."

Ó kéré ju bí Ìbíyẹmí ti rò lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan tó rí rubutu bí obì so mọ́ ọrùn rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n: Amọ̀ràn ni wọ́n ń pè é. Ohun tí òfin bá sọ, òun ló ń sọ fún oníṣẹ́ ìjọba, ohun tí oníṣẹ́ ìjọba bá rí, ó ń gbé e padà sí Adó.

"Ẹ dìde, ọmọ mi," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tẹnu mi, Mà, kí ó má baà rà mọ́ mi nínú. Ní gbogbo Èkìtì, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tó funfun tó tiyín. Láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, kò fi ọjọ́ kan pọ́n. Àwọn ọ̀gá mi ní, kí ni obìnrin yìí ń jẹ?"

"Gbẹ̀gìrì àná," ni Dáda wí.

Mọládùn rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti yàn yín ní Ìyá Àwòkọ́ṣe. Àwọn ìyá mìíràn yóò máa wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ yín. Wọ́n sì ní ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ tó báyìí yóò lè bá wa gbé díẹ̀ nínú ẹrù ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin kan wà ní Ìjerò, ẹgbẹ́ Ìgè ni, bí ti Ìgè náà ló rí. Kì í sùn lóru, ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn jáde. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ìyá arúgbó náà kò sì funfun mọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Lọ́tùúnla ni wọn yóò mú ọmọ náà wá bá yín."

Ìbíyẹmí di etí àgbá mú. Ọdún kan ó lé tí òun ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ pamọ́ kí ìjọba má baà mú nǹkan kúrò lọ́wọ́ òun, ìjọba wá ń bọ̀ wá fi kún un.

Òun náà kò gbèrò ẹ̀tàn níbẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, ìlẹ̀kẹ̀ náà pọ́n fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ku ọjọ́ kan kí ó pé ọjà sí ọjà. Bí ó bá pé bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ okùn á wá, wọn á mú ẹni tí a ń tọ́jú lọ sí Ilé Ìsinmi ní Ìkọ̀gòsì fún oṣù kan, kí ara ilé lè mí. Wọn kì í lù wọ́n níbẹ̀, wọn kì í fi ebi pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìyá Ṣèyí, aládùúgbò wọn, lọ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó sì dé, ó ń tọrọ ààyè kí ó tó jókòó nínú ilé ìyá rẹ̀. Ìbíyẹmí ń fọ aṣọ lọ́jọ́ kẹrin yẹn, ó sì so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ Ìgè lọ́wọ́ kí ọṣẹ má baà gbé e lọ. Kí ó tó fún aṣọ kan tán, ìlẹ̀kẹ̀ ti funfun. Ó wò ó, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ń wo omi ọṣẹ. Kò gbà á padà mọ́.

"Inú yín ò dùn, Mà?" ni Mọládùn béèrè.

"Inú mi dùn. Ayọ̀ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi."

"Ó kù kí Amọ̀ràn fi ojú kan ìlẹ̀kẹ̀ náà, kí ọ̀rọ̀ lè parí."

"Ìlẹ̀kẹ̀ ti pọ́n," ni Ìgè wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìgè fọwọ́ bo ẹnu, ó wo ìyá rẹ̀. "Mo gbàgbé, Màmá."

Mọládùn rọra gbé ọwọ́ Ìbíyẹmí, ó sì ká apá bùbá náà sókè. Ìlẹ̀kẹ̀ náà pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí ata rodo.

"Òkè tí mo gùn ni," ni Ìbíyẹmí wí.

"Àwa la gun òkè, Mà. Ẹ̀yin ti wà níbí."

"Oòrùn ni."

"Oòrùn ò tíì yọ."

Dáda wo sánmà, bí ẹni pé ó fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ wá oòrùn níbẹ̀, kò rí i, ó bá ń họ irun.

Ìgè wá bọ́ síwájú, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí wọn. Ó fẹ́ tún ohun tí òun bàjẹ́ ṣe. "Ẹ mú un wá. Èmi á sọ ọ́ di funfun. Èmi ni mo máa ń ṣe é."

Kò sí bí Ìbíyẹmí ṣe lè dá a dúró mọ́. Mọládùn tú ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó so ó mọ́ ọwọ́ Ìgè, gbogbo wọn sì ń wò ó. Pupa náà rọ, ó di àwọ̀ epo, ó di àwọ̀ iyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà ó funfun. Ìgè rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́.

"O ṣeun, Ìgè," ni Mọládùn wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo Amọ̀ràn ọrùn rẹ̀, bí ẹni tó ń bo etí ọmọdé. "Mà, ẹ gbọ́. Báyìí tí mo ti bò ó, kò gbọ́ ohun tí à ń sọ, ohun tó ti rí kò sì ní dé Adó bí n kò bá ṣí i. Mo lè ní n kò rí nǹkan kan. Ìlẹ̀kẹ̀ á wà lọ́wọ́ Ìgè, ẹ̀yin á gba oyè yín, ẹ ó gba ọmọ Ìjerò, Ìgè ò sì ní lọ síbì kankan. Tàbí kí n ṣí ọwọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ èyí tí n óò ṣe. Èmi ò lè yàn án fún yín."

Ìbíyẹmí wo ọmọ rẹ̀. Ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń dun òun kò tíì jáde lẹ́nu òun rí. Bí wọ́n bá kí i pé báwo ni, ó dúpẹ́ ni. Bí ọkọ rẹ̀ bá pè láti ojú òkun, àlàáfíà ni. Ó lè bò ó báyìí náà. Ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ojú inú rẹ̀ ń wo ọmọbìnrin kan tí kò rí rí, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà òun lóru pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n sọ fún pé ìyá kan wà lókè tí kì í rẹ̀. Ìyá wo? Ìyá tó jẹ́ pé láàárọ̀ àná, ó jókòó sórí àpótí, kò sì rántí ohun tó fẹ́ dìde ṣe.

"Ó rẹ̀ mí," ni Ìbíyẹmí wí.

Ọ̀rọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n bí ó ti jáde, àwọn tó kù tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. "Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ mí. N kò kórìíra ọmọ mi. Bí wọ́n bá ní kí n tún ayé wá, òun náà ni n óò bí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń jí, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ má mú ọmọ ẹlẹ́ni wá sọ́dọ̀ mi, n óò ṣe é níbi láìmọ̀. Ẹ ṣí ọwọ́ yín."

Ó jókòó sílẹ̀ lórí àpáta, ó sì ń sunkún. Kò fi aṣọ bojú.

Dáda ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ wò ó," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ wo ọwọ́ ọmọ yìí."

Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ Ìgè ń pọ́n. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan Ìgè, ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Ó kàn dúró síbẹ̀ tó ń wo ìyá rẹ̀.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí Màmá bá ń sunkún nílé ìdáná," ni ó sọ fún wọn.

Ìbíyẹmí gbójú sókè. "Ìgbà wo lo rí mi tí mo ń sunkún nílé ìdáná?"

"N kò rí yín. Ẹ máa ń tan ẹ̀rọ ìlọta."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀?"

Ìgè rò ó pẹ́. "Ata ti tán, ẹ̀rọ ṣì ń lọ," ni ó wí. "Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ ó fi pa á. Lẹ́yìn náà ìlẹ̀kẹ̀ á tún funfun. Ẹ ò ní rí i."

Mọládùn ti yọwọ́ kúrò lára Amọ̀ràn, kò sì jọ pé òun fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tó yọ ọ́. Ẹ̀rọ náà dún tín-ín, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn obìnrin tó jẹun yó: "Ìlẹ̀kẹ̀ ilé yìí ti pọ́n lọ́wọ́ ẹni méjì. A kò ní dúró de ọjà mọ́. Ẹ dá orúkọ ẹni tó ń lọ sí Ilé Ìsinmi."

Mọládùn mí kanlẹ̀. "Ìgè," ni ó bẹ̀rẹ̀, "ọmọ Ìbíyẹmí..."

"Kò rẹ̀ mí," ni Ìgè wí.

"Mo mọ̀, Ìgè. Bí a ṣe ń ṣe é ni."

"Màmá ló rẹ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ó sọ ọ́ nísinsìnyí." Ó yíjú sí Dáda, bí ẹni tó ń wá àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ yóò yé. "Ẹni tó bá rẹ̀ ló ń sinmi. Màmá ni kó lọ."

Atẹ́gùn fẹ́ àwọ̀n, omi ta sí gbogbo wọn lára. Mọládùn nu omi kúrò lára Amọ̀ràn. "Àwọn tí a ń tọ́jú la máa ń mú lọ," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Bi nǹkan ọrùn rẹ yẹn léèrè," ni Dáda wí.

"Mo mọ òfin náà, bàbá."

"Bí o bá mọ̀ ọ́n, kò ní pa ọ́ lára bí o bá bi í."

Mọládùn gbé Amọ̀ràn sókè sẹ́nu. "Nínú ilé tí ìlẹ̀kẹ̀ bá pọ́n, ta ni yóò lọ sinmi?"

"Ẹnì kan nínú ilé," ni Amọ̀ràn dáhùn.

"Èwo nínú wọn?"

"Òfin kò yan ẹni náà."

"Ṣé olùtọ́jú kan ti lọ rí?"

"Kò sí."

"Ṣé èèwọ̀ ni?"

"Kì í ṣe èèwọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè rí."

Dáda bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá itan. "Gbogbo ìmọ̀ yẹn wà nínú rẹ̀, ó jókòó tì í."

Ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí ti dìde, ó ń mi orí. Ẹ̀rù tuntun ti gbà á, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n mú ọmọ lọ, ìjọba ló ṣe ìyẹn. Kí òun fúnra òun fi ẹsẹ̀ òun rìn kúrò lọ́dọ̀ ọmọ ńkọ́? "Ta ni yóò máa wò ó? Ta ni yóò dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀? Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, kò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo. Ẹ̀yin náà, Bùọ̀dá Dáda, ẹ gbàgbé bàtà yín sórí òkè lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Bàtà ò lè pariwo pè mí. Ìgè lè pè mí," ni Dáda wí. "Èmi nìkan kọ́ sì ni. Gbogbo wa ni. Àáró."

Ọ̀rọ̀ àáró yìí ni ó tì í lójú jù. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ àwọ̀n lórí òkè náà nìyẹn: lónìí gbogbo ọwọ́ a lọ sí àwọ̀n ẹnì kan, lọ́la sí ti ẹlòmíràn, ẹni tí wọ́n bá ṣe fún gbọ́dọ̀ ṣe padà. Ìbíyẹmí ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, nítorí bí Ìgè bá ní ọjọ́ tí kò dára, òun kò ní lè dé ibi àwọ̀n ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí obìnrin kan bá ní kí Ìgè wá jẹun lọ́dọ̀ òun, á ní ó ti jẹun.

"N kò sí nínú àáró mọ́," ni ó wí. "N kò lè gbà á. Kí ni n óò fi san án?"

Dáda wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ. "Ìyàwó, bí o bá sùn lọ́sàn-án, níbo lo rò pé Ìgè ń lọ?"

"Ó ń lọ ṣeré lọ́dọ̀ yín."

"Eré wo ni yóò máa kún àgbá? Láti ìgbà òjò, òun ló ń fún àwọ̀n wa. Àwọ̀n tí ọkùnrin méjì ń lọ́, òun nìkan á lọ́ ọ gbẹ. Ti Ìyá Ṣèyí, tèmi, ti àwọn ará ìsàlẹ̀ àpáta. Bí mo bá ní kí ó sinmi, á ní omi ṣì wà nínú rẹ̀. A ti ń jẹ ẹ́ ní gbèsè àáró, a ò sì rí ibi san án, nítorí pé bí a bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ, o ti parí iṣẹ́ rẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn obìnrin ti ń sọ ọ́ pé ìgbéraga ló ń dà ọ́ láàmú. Èmi ní rárá, ojú ló ń tì ọ́."

"Kò sí ẹni tó sọ fún mi."

"Ìgè rò pé o mọ̀. Àwa rò pé ìwọ lo rán an."

Ìbíyẹmí yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ìgè ti ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù fún un. "Wọn ò lè fún un dáadáa," ni ó wí láti dá ara rẹ̀ láre. "Wọ́n ń fi omi sílẹ̀ nínú rẹ̀."

Ìbíyẹmí ò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun ni tàbí ẹ̀rín ló ń rín. Gbogbo ọdún yẹn, ó rò pé òun nìkan ló dúró láàrín ọmọ yìí àti ayé. Ọmọ náà ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, ó ti lọ ní àwọn ènìyàn tirẹ̀.

"Ìgè," ni ó wí, "oṣù kan ni. Ó pẹ́ o."

"Ṣé ẹ ó padà?"

"N óò padà."

Ó rò ó. "Ẹ lọ nígbà náà."

Wọn kò pẹ́ níbẹ̀ mọ́. Mọládùn fi orúkọ Ìbíyẹmí sẹ́nu Amọ̀ràn, ẹ̀rọ náà sì ní kí ó tún un pè, bí ẹni pé kò dá etí ara rẹ̀ lójú. Ìgè fúnra rẹ̀ lọ kó aṣọ ìyá rẹ̀ wá. Ìró mẹ́ta ló kó, kò mú bùbá kankan, Ìyá Ṣèyí tó ti gbọ́ ariwo ló padà lọ mú bùbá. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀, Ìbíyẹmí kò dákẹ́. Ìgè kì í jẹ ilá bí ó bá gbóná. Bí ó bá ń wo omi, ẹ má pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ so okùn ṣòkòtò rẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó.

"Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀," ni Ìyá Ṣèyí wí. "Ti ilá yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á sí mi lára."

Nínú ọkọ̀, Mọládùn jókòó kọjú sí i, Amọ̀ràn wà lórí itan rẹ̀. "Ìyá àgbà Ìjerò yẹn," ni ó wí, "ẹni tó ń tọ́jú ọmọbìnrin tí kì í sùn. Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. N kò bi í rí bóyá òun ló fẹ́ lọ sinmi."

"Ẹ bi í," ni Ìbíyẹmí wí. "Kó tó dáhùn, á ní ó dúpẹ́. Ẹ tún bi í."

Ìgè ló ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ láti ìta, ó tì í gbọin, ó dán an wò bóyá ó ti wọlé dáadáa. Ìbíyẹmí ti múra sílẹ̀ fún igbe rẹ̀. Ó ti di irin ìjókòó mú, bí ó bá ké, òun á fò sílẹ̀, òfin a sì ṣe bó bá ti fẹ́. Ìgè kò ké. Ó juwọ́, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kẹ́yìn sí i, ó sì ń bá Dáda gun òkè padà lọ, nítorí oòrùn ti yọ wàyí, àwọ̀n ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì fún.

Ó dun Ìbíyẹmí díẹ̀ pé Ìgè kò bojú wẹ̀yìn. Ó jẹ́ kí ó dun òun. Ọkọ̀ náà gbéra kúrò lẹ́nu àpáta, ó ń rọra yọ́ lọ lórí okùn, àfonífojì ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ewé kòkó àti òrùlé pupa, títí lọ sí ìhà Ìkọ̀gòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Mọládùn ń sọ fún un bí yàrá rẹ̀ yóò ti rí, pé fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igbó, pé ẹnikẹ́ni kò ní kàn án lára kí ó tó jí.

Mọládùn yíjú sí i. Orí Ìbíyẹmí ti wà lára ògiri ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó sì ti sùn fọnfọn.